Ìwé Tí Bàbá Mọ́kọ́lá Nìkan Fọwọ́ Sí

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2011 ni ìyàwó àbúrò bàbá mi pè láti Mọníyà pé òun rí típà tó ń da yanrìn sórí ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ ẹbí ni, púlọ́ọ̀tì méjì tó ṣẹ́kù nínú oko bàbá bàbá mi. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn bàbá mẹ́ta ti gbéra láti inú Ìbàdàn, èmi náà sì wà pẹ̀lú wọn torí èmi ni mo wa mọ́tò. A bá ọkùnrin kan tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí gbogbo wa dáadáa, ó wá ní òun ti ra ilẹ̀ náà. Lọ́wọ́ ta ni? Ó yọ ìwé kan jáde nínú ọ̀rá.

Mo ṣì rántí ìwé yẹn. Ewé tí wọ́n fà ya láti inú ìwé ọmọ iléèwé ni, ìlà rẹ̀ búlúù, etí rẹ̀ kan ti ká. Ọwọ́ Bàbá Mọ́kọ́lá ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà. Kò sí ẹni tí kò dá ọwọ́ wọn mọ̀ nínú wa: tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo lẹ́tà wọn ló máa ń dúró gbọn-in sórí ìlà. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Èmi, olórí ẹbí, fún ara mi àti lórúkọ gbogbo ẹbí." Bàbá mi ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Gbogbo ẹbí wo?"

Lọ́yà tí a lọ bá ní Dùgbẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni, bí ẹni tí kò tà á rí ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé olórí ẹbí gan-an ló tà á, tí kò bi àwọn àgbà ẹbí, títà náà á dúró ná, àfi tí àwọn tí wọn kò bi bá tètè sáré lọ tú u ní kóòtù. Bí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń wòran títí ilé fi dé òrùlé, adájọ́ á bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí. Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ bá wa débẹ̀ lọ́jọ́ náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lọ́yà kọjú sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ fẹ́ sanwó, ṣé ẹ bi ẹbí?" Ó ní òun rí olórí ẹbí. Lọ́yà ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Nígbà tí ariwo àdéhùn Samoa gba orí WhatsApp ní oṣù keje ọdún 2024, gbólóhùn lọ́yà yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti ti Áfíríkà, Karibíà àti Pàsífíìkì ni. Òun ló rọ́pò èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kùtọnu ní ọdún 2000. Nàìjíríà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo orí fóònù ti gbóná. Wọ́n ní wọ́n ti tà wá. Wọ́n ní wọ́n ti dọ́gbọ́n fi ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin pamọ́ sínú rẹ̀, àti pé owó dọ́là rẹpẹtẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ní irọ́ ni. Èmi lọ wá ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi alẹ́ méjì kà á, mi ò rí gbólóhùn kan tó sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó ká mi lára yàtọ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin, àwọn tí a tò lórí ìlà dìbò fún, ni wọ́n jókòó nínú oṣù keje tí wọ́n ní kí ìjọba dá ìmúṣẹ àdéhùn náà dúró ná, kí àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Típà ti da yanrìn sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ààrẹ Nàìjíríà kò lè bá ìlú òkèèrè ṣe àdéhùn bí ilé aṣòfin kò bá tíì gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 sọ ni pé àdéhùn láàárín wa àti orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní agbára òfin, àfi ibi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ di òfin nínú rẹ̀. Ẹ tún un kà. Kò ní kí ààrẹ má fọwọ́ sí i. Ohun tó ń sọ ni pé bó bá fọwọ́ sí i, ìwé náà kò tíì wọlé sáàárín wa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Ìdúró sẹ́nu ọ̀nà yìí kì í ṣe nǹkan kékeré, n ò fẹ́ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá inú ń lọ gbé Gani Fawehinmi nílé rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1996, láyé Abacha, ohun tí àwọn lọ́yà rẹ̀ di mú ni ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ṣe. Ìwé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé ilé aṣòfin ayé Ṣàgàrí ti sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa ní ọdún 1983. Ní ọdún 2000, nígbà tí ẹjọ́ náà dé kóòtù tó ga jùlọ, Adájọ́ Ogundare kọ ọ́ nínú ìdájọ́ pé níwọ̀n bí àwọn aṣòfin ti gbà á wọlé, kóòtù wa gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àti pé agbára rẹ̀ tilẹ̀ ju ti òfin lásán lọ. Ká ní àwọn aṣòfin kò gbà á wọlé ni, ìwé ẹlẹ́wà lásán ni ì bá jẹ́ lọ́wọ́ Gani.

Nítorí náà, nínú ilé, ẹnu ẹbí ń ṣiṣẹ́. Ìta ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Maroua, ìlú kan ní apá òkè Cameroon. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1975, Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Ààrẹ Ahmadou Ahidjo pàdé níbẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lu ìwé tó fa ààlà àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì gùn sí i lójú òkun. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní Yaoundé, níbi tí wọ́n ti buwọ́ lu máàpù àwọn atukọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì kan, nọ́ńbà 3433, tí ìlà ààlà wà lórí rẹ̀. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn Maroua tí àwọn ṣọ́jà fi gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, nígbà tó wà ní ìpàdé ní Kampala. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ràn ìwé yẹn rárá.

Nígbà tí Cameroon wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù àgbáyé ní Hague ní ọdún 1994, ohun tí àwọn lọ́yà Nàìjíríà sọ nípa Maroua kò yàtọ̀ sí ohun tí bàbá mi sọ lórí ilẹ̀ Mọníyà. Wọ́n ní Gowon kò gbé e wá sílé. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá ológun tó ń ṣèjọba ló yẹ kó fọwọ́ sí i kó tó lè dúró, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Wọ́n tún ní Cameroon mọ̀, tàbí ó yẹ kó mọ̀, torí Gowon ti kọ lẹ́tà sí Ahidjo ní oṣù kẹjọ ọdún 1974 pé ohun tí àwọn onímọ̀ bá fẹnu kò lé lórí, àfi kí ìjọba méjèèjì gbà á.

Kóòtù dáhùn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Wọ́n ní olórí orílẹ̀-èdè kò nílò ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ kó tó lè sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú rẹ̀. Ipò rẹ̀ ni àṣẹ rẹ̀. Wọ́n ní bí òfin inú ilé bá sọ pé kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn kan, ìyẹn kò lè tú ìwé tó ti fọwọ́ sí ká, àyàfi bí òfin náà bá hàn sí gbogbo ayé gbangba. Lẹ́tà Gowon kì í ṣe ìkìlọ̀ pàtó. Wọ́n wá fi kún un pé kò sí ọ̀ranyàn fún orílẹ̀-èdè kankan láti máa tọpinpin bí òfin ṣe ń lọ nílé orílẹ̀-èdè mìíràn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Lọ́yà Dùgbẹ̀ dẹ́bi fún ẹni tó ra ilẹ̀ torí kò bi ẹbí. Hague ní kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ bi ẹbí. Ó rí olórí ẹbí, ó ti tó.

Kí n tún nǹkan kan ṣe níbí o, torí mo máa ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tó yẹ kí wọ́n mọ̀: pé Gowon ló fi Bakassi, ilẹ̀ tó yọ sínú òkun nítòsí Kàlàbá, tọrẹ ní Maroua. Ààlà ojú omi ni Maroua dá lé. Ní ti ilẹ̀ Bakassi fúnra rẹ̀, ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jọ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1913 ni kóòtù gùn lé. Nàìjíríà ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tó fún Jámánì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1884, nígbà tí àwọn ọba àti ìjòyè Kàlàbá fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ààbò ni wọ́n tọrọ, wọn kò ta nǹkan kan. Ṣé ọdẹ tí a gbà pé kó máa ṣọ́lé lè gbé ilé tà? Kóòtù kò gba èyí náà. Nínú adájọ́ 16, àwọn 13 ló dá Cameroon láre lórí Bakassi. Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, wà lára àwọn mẹ́ta tó kọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú tẹ ọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ ogun Prometheus sì dúró sójú omi nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ṣèlérí 1,200 àpò owó ẹyọ fún un lọ́dọọdún. Ìbọn ló wà lórí tirẹ̀, n ò fi wé ti ẹni tó jókòó sínú yàrá afẹ́fẹ́ tútù fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Apápá, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó nilẹ̀, ní àwọn kò gbà. Òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ sọ pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí gbé ìjọba fún Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ilẹ̀ onílẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ ẹbí ṣì jẹ́ ti ẹbí.

Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹnìkan nínú wọn rí i pé ìbuwọ́lù ọba ní ibi tó mọ.

Kò sẹ́ni tó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Bakassi. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006 (June 12 náà ni, kò sọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n rí mú) Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Paul Biya fọwọ́ sí àdéhùn ní ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Greentree, lẹ́bàá ìlú New York, Kofi Annan wà níjòókòó, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Amẹ́ríkà sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ọmọ Òwu ni Ọbásanjọ́ náà. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ọmọ Òwu kan kọ ìwé ní Hague pé òun kò gbà, ọmọ Òwu kejì buwọ́ lù ú pé a ti gbà.

Wọ́n ní kí ọmọ ogun Nàìjíríà kúrò láàárín 60 ọjọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò, wọ́n sì fa ìhà àríwá ilẹ̀ náà lé Cameroon lọ́wọ́ nínú oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ìgbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà dìde pé wọn kò gbé àdéhùn kankan wá síwájú àwọn gẹ́gẹ́ bí abala 12 ṣe wí, àti pé gbígbé ilẹ̀ náà sílẹ̀ kò bófin mu. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008, ìjọba Yar'Adua fa ìyókù lé wọn lọ́wọ́ níbi ayẹyẹ kan ní Kàlàbá.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Ọbásanjọ́ lè sọ pé kóòtù ti dájọ́, pé ogun ni ì bá kù, kò sì ní parọ́. N ò sọ pé ká bá Cameroon jà. Ẹ̀dùn mi ni pé àwọn èèyàn wà lórí ilẹ̀ yẹn, apẹja, àwọn tí baba wọn ti ń da àwọ̀n sínú omi yẹn kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, tí wọ́n sì dìbò fún ẹnìkan pé kó lọ máa sọ̀rọ̀ fún wọn ní Àbújá. Ẹni yẹn kò rí ìwé náà títí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2012, kóòtù tó ga jùlọ níbí wá ní ìpínlẹ̀ Cross River, tí Bakassi wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò tún létíkun mọ́, nítorí náà kànga epo 76 tí wọ́n ń jàdù di ti Akwa Ibom. Abala 12 ní àdéhùn tí wọn kò sọ di òfin kò lágbára láàárín wa, àmọ́ agbára rẹ̀ tó láti mú kànga epo 76 kúrò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kan.

Àwọn aládùúgbò wa ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn èèyàn wa ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ní àdéhùn tó bá kan fífi ilẹ̀ sílẹ̀ kò lè kọjá láìsí òfin ilé aṣòfin, àti pé kò lè dúró bí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà kò bá gbà. (Ní ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà tó mú Kétu kúrò lára wa, kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Kétu.) Ní Gánà, ìwé òfin wọn ní kí àdéhùn tí ààrẹ bá ṣe lọ sí ilé aṣòfin. Nígbà tí ìjọba Mahama gba àwọn ọmọ Yemen méjì tí Amẹ́ríkà kó wá láti ẹ̀wọ̀n Guantánamo ní oṣù kìíní ọdún 2016, àwọn ará ìlú kan lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2017, kóòtù tó ga jùlọ níbẹ̀ ní ìjọba rú òfin, wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n gbé e lọ síwájú ilé aṣòfin tàbí kí wọ́n dá àwọn ọkùnrin náà padà. Wọ́n gbé e lọ. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin náà kò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bi ẹbí.

Tiwa yàtọ̀. Nígbà tí Buhari buwọ́ lu àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2019, àwọn tó wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ni ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà. Ta ló yan àwọn mínísítà? Àdéhùn náà dára lójú tèmi o. Àwọn ìyálọ́jà tó ń kó aṣọ láti Kùtọnu mọ̀ ju mi lọ bí owó ibodè ṣe ń jẹ èrè. Àmọ́ kí olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé, kí àwọn ọmọ tó ń gbé nílé rẹ̀ wá fọwọ́ sí i pé ẹbí ti gbà, a mọ orúkọ tí à ń pe ìyẹn ní Mọníyà.

Mo mọ̀ pé a kò lè kó àwọn aṣòfin 469 sínú yàrá kan kí wọ́n jọ máa dúnàádúrà. Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí àdéhùn ti gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀ tó bá jókòó, àwọn ààrẹ wọn mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, Roosevelt fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ ogun àlòkù 50, ó gba ibùdó ológun dípò, kò sì gbé e síwájú ilé aṣòfin rárá. Hitler ń bọ̀, kò sáyè ìpàdé.

Bàbá Mọ́kọ́lá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a jókòó ní pálọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn kò sẹ́. Wọ́n ní owó iṣẹ́ abẹ ìyá ni. Wọ́n ní, "Ta ni kí n pè? Bí mo bá pe ìpàdé, ẹ̀yin ará Èkó á ní kò yá yín, ti Ìlọrin á ní kí n fi ránṣẹ́, ọdún á yí po, ẹ ò ní tíì jókòó." Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ìyá wà nínú yàrá, a ń gbọ́ ìkọ́ wọn. Bàbá mi ló wá sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ojú wọn nílẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò bá pè wá. Ká kọ̀."

A yanjú rẹ̀ láìdé kóòtù. Ọkùnrin náà mú púlọ́ọ̀tì kan, ó fi ìkejì sílẹ̀ fún wa, a dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀ padà. Ilé rẹ̀ ti parí báyìí, géètì dúdú, ọmọ rẹ̀ kan sì ń ta omi inú ọ̀rá níwájú rẹ̀. Lára ògiri púlọ́ọ̀tì tiwa, ohun tí a fi ọ̀dà pupa kọ lọ́dún náà ṣì wà níbẹ̀, òjò ti fọ ìdajì rẹ̀ lọ: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Lálẹ́ àná mo ṣí ẹ̀yìn ìwé òfin Nàìjíríà, ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sí, mo wá Cross River. Ó jẹ́ méjìdínlógún. Abi, Akamkpa, Akpabuyo. Lẹ́yìn náà ni Bakassi. Kò sẹ́ni tó tíì yọ ọ́ kúrò.